Bí ẹ ṣe lè wo ìwọ́de Pride ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín

Lọ́dọọdún, ní Sátidé kan tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Júùnù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Júláì, wọ́n á ti títì pa fún mọ́tò ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù fún Pride, ìwọ́de àwọn LGBT: àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin (gay), àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, àwọn tó fẹ́ràn méjèèjì, àti àwọn trans, ìyẹn àwọn tí kò rí ara wọn bí ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n pè wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á fẹsẹ̀ rìn láti Hyde Park Corner títí dé ẹ̀bá Whitehall, tìlù-tìlù, torin-torin, pẹ̀lú àsíá àti aṣọ aláràbarà. Àwọn tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti wò wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń rìn lọ fíìfíì. Ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rìn ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dúró wò kò nílò ìwé kankan.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́yìn lọ síbẹ̀, pàápàá jù lọ àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, Woolwich, Thamesmead, Dagenham àti gbogbo agbègbè wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ kò ro ti wa mọ́ ọn. Wọ́n á ní kí ẹ gbé omi, kí ẹ wọ bàtà tó rọni lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni, èmi náà á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti sọ ọ́ ní gbangba pé gay lòun, kí èkejì má tíì sọ fún ìyá tó bí i lọ́mọ, kí ẹ̀kẹta máa retí èsì ìwé ìsádi lọ́dọ̀ Home Office, kí ẹ̀kẹrin sì kàn bá wọn wá nítorí pé ó fẹ́ràn wọn. Ohun tó dùn mọ́ ọ̀kan nínú wọn lè kó bá èkejì. Ẹni tó pe ìjáde náà ló gbọ́dọ̀ bójú tó gbogbo wọn, kí kálukú gbádùn ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sì dé ilé bá ìbéèrè tí kò lè dáhùn lórí fóònù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìtàn ohun tí ẹ ń lọ wò

Ẹ lè wò ó láìmọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á dín kù. Ní oṣù Júùnù 1969, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Stonewall Inn ní New York, ibi tí àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin àti àwọn trans ti máa ń fara pamọ́ ṣe fàájì. Lọ́jọ́ yẹn àwọn èèyàn náà kò sá mọ́. Wọ́n kọjú ìjà sí àwọn ọlọ́pàá. Ìrántí ọjọ́ yẹn ni Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀lé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Pride níbẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Júláì 1972. Ẹgbẹ́ Gay Liberation Front, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn gay, ló wà nídìí rẹ̀. Trafalgar Square ni wọ́n ti gbéra nígbà yẹn, wọ́n sì rìn lọ sí Hyde Park láti lọ jẹun lórí koríko. Lónìí, ọ̀dọ̀ Hyde Park ni wọ́n ti ń bọ̀ wá sí Trafalgar Square.

Ẹ fojú inú wo ohun tó ná àwọn tọdún 1972 yẹn láti jáde sí títì. Ọdún márùn-ún péré ṣáájú ìyẹn, ní 1967, ni òfin tó yọ ọwọ́ ọlọ́pàá kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn jáde ní England àti Wales, ọkùnrin tó ti lé lọ́mọ ọdún 21 nìkan ló sì kàn, ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ní 1988, ìjọba tún ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Section 28, tó mú kí tíṣà máa bẹ̀rù láti bá ọmọ ilé ìwé sọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ọdún 2003 ni wọ́n tó wọ́gi lé e ní England. Nítorí náà, tí ẹ bá rí àwọn arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn níwájú ìwọ́de, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn dáadáa. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn yìí kan ilé tiwa pẹ̀lú. Justin Fashanu, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí sí Hackney ní 1961, ni agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó lọ sí Nottingham Forest ní 1981. Ní 1990 ó sọ ọ́ ní gbangba pé gay lòun. Ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ó kú ní 1998 lọ́mọ ọdún 37. Ní 2004, Bisi Alimi, òṣèré kan, jókòó níwájú Funmi Iyanda, olóòtú ètò, lórí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà, ó sì sọ fún gbogbo ìlú pé gay lòun. Ní 2007 ó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Jide Macaulay, tó dá House of Rainbow, ìjọ Kristẹni tó ń gba àwọn LGBT mọ́ra, sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, náà wá fi ìlú yìí ṣe ibùgbé. Ẹ sọ ìtàn wọ̀nyí fún ọ̀rẹ́ yín tó bá ń rò pé nǹkan òyìnbó nìkan ni Pride.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jọ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì ṣàdéhùn lórí fọ́tò

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ.

Ní oṣù Jánúárì 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ọdún yẹn kan náà ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ní England. Òfin Nàìjíríà kò ní agbára ní Piccadilly, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í mọ ààlà. Èyí tí ẹ bá yà láago méjì ọ̀sán lè ti dé Abẹ́òkúta kí ẹ tó jẹ oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀gbọ́n á rí i, á fi ránṣẹ́ sí àǹtí, àǹtí á fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀. Kò tilẹ̀ dìgbà tí ẹnì kan bá ní ìwà ìkà lọ́kàn kó tó ba nǹkan jẹ́. Status WhatsApp lásán ti tó.

Nítorí náà, bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ bi ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe é níwájú gbogbo ẹgbẹ́: ṣé o fẹ́ kí ojú ẹ wà nínú fọ́tò? Ta ni kò gbọ́dọ̀ rí i? Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, ẹ má bi í ní ìdí. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá ṣe àdéhùn fún gbogbo yín nínú group: fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ óò fi ya fọ́tò ẹgbẹ́, ẹni tó fẹ́ wà nínú rẹ̀ á bọ́ síwájú, ẹni tí kò fẹ́ ni ẹ óò gbé kámẹ́rà fún. Kò sí live. Kò sí tag. Kò sí ohun tó máa lọ sórí Instagram tàbí Facebook títí ẹ ó fi délé, tí gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò á ti rí i, tí wọ́n á sì ti ní kò burú.

Ẹ rántí pé kámẹ́rà yín kọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn oníròyìn àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ya fọ́tò ní títì gbangba ní ìlú yìí. Ẹ kò lè fi òfin mú àjèjì pé kó pa tirẹ̀ rẹ́. Ìlà àkọ́kọ́, níbi irin ìdènà, ni wọ́n ń yà jù. Kí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ pa ojú mọ́ dúró ní ìlà kejì tàbí ìkẹta, kó dé fìlà tó ní etí, kó wọ awò dúdú. Oòrùn oṣù Júláì á jẹ́ kí ó dà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ fún ẹwà. Obìnrin lè wé gèlè tó bo iwájú orí dáadáa.

Ẹni tó ń retí ìwé ìsádi ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà mìíràn fọ́tò Pride lè wúlò nínú ẹ̀rí tí lọ́yà rẹ̀ fẹ́ kó jọ. Ẹ jẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ lọ́yà rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì ṣe ohun tí lọ́yà bá wí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ń méfò lé lórí.

Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí náà ni kí ẹ ti mọ ẹni tí kò lè dúró pẹ́, ẹni tí èrò púpọ̀ ń kó jìnnìjìnnì bá, ẹni tó ní ọmọ kékeré, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ kúrò láago mẹ́ta nítorí iṣẹ́ alẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú yín ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n gbogbo ètò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ibi tí ẹ óò dúró sí

Láti 2022, láti Hyde Park Corner ni ìwọ́de ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gba Piccadilly já sí Piccadilly Circus, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Haymarket, ó ń kọjá ní Trafalgar Square, ó sì ń parí ní Whitehall Place. Kí àrùn Kòrónà tó dá a dúró ní 2020 àti 2021, apá Regent Street ló máa ń gbà, nítorí náà ẹ má tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ẹ wo àwòrán ọ̀nà tí àwọn olùṣètò Pride in London bá gbé jáde lọ́dún tí ẹ fẹ́ lọ. Aago méjìlá ọ̀sán ni ìwọ́de máa ń gbéra, ó sì lè tó wákàtí mẹ́rin, márùn-ún kí ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn tó kọjá.

Tí ọmọ kékeré tàbí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, ẹ̀gbẹ́ Green Park ló dára jù. Igi wà níbẹ̀, òjìji wà, koríko sì ń bẹ lẹ́yìn yín tí èèyàn lè lọ jókòó lé. Àwọn tó ń rìn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni, ara wọn ṣì yá gágá, wọ́n ń jó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibùdókọ̀ Green Park sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè ti ibẹ̀ jáde láìgun àtẹ̀gùn. Ibùdókọ̀ Piccadilly Circus kò ní, Hyde Park Corner náà kò ní. Àwọn olùṣètò máa ń ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní àìlera. Ẹ wò ó lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sì tètè fọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Piccadilly Circus ni gbogbo ayé mọ̀, ibẹ̀ náà ni èrò ti máa ń há jù. Fọ́tò ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọlé síbẹ̀ láago méjìlá, ó lè di aago mẹ́rin kí ẹ tó ráyè jáde, n kò sì gba ẹni tó kọ́kọ́ ń lọ nímọ̀ràn pé kó dúró síbẹ̀. Haymarket rọrùn díẹ̀. Títì náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ẹni tí kò ga náà lè rí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè. Trafalgar Square wà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin lórí pèpéle; tí ó bá ti kún, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Piccadilly láàárín ilé ìtura Ritz àti ṣọ́ọ̀ṣì St James's, ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù, níbi tí ṣọ́ọ̀bù Fortnum & Mason wà. Ilé gíga wà lọ́tùn-ún lósì níbẹ̀, ohùn ìlù sì máa ń lù mọ́ ògiri kó tó dé etí yín. Ẹ ó ti máa gbọ́ ọ nínú àyà yín kí ẹ tó rí ẹni tó ń lù ú. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé Jermyn Street wà lẹ́yìn yín gan-an. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ óò fi bọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí sọ́kàn: tí ìwọ́de bá ti bẹ̀rẹ̀, kò rọrùn láti sọdá títì. Irin ìdènà wà, àwọn ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn sọdá kò pọ̀, ẹ ó sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá wà ní ẹ̀gbẹ́ àríwá tí ẹ̀yin wà ní gúúsù, ẹ ó kàn máa juwọ́ síra yín ni. Ẹ fẹnu kò sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bákan náà, ẹ yan ibi tí ẹ óò ti pàdé bí ẹ bá sọnù síra yín. Ìsàlẹ̀ ère Eros ní Piccadilly Circus kọ́, gbogbo ìlú ló ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti máa pàdé. St James's Square, ní ẹ̀yìn Jermyn Street, dára jù. Ó dákẹ́, ọgbà kékeré wà láàárín rẹ̀, kò sì sí lójú ọ̀nà ìwọ́de.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ di ẹrù yín

Báàgì kékeré ni, èyí tí a lè gbé kọ́ àyà. Omi nínú ìgò oníke. Ẹ má gbé ìgò oní-gíláàsì, ó ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Power bank kan fún gbogbo yín. Ìpara oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni, dúdú náà ń jóná. Aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò agbòjò, torí agbòjò yín á bo ojú ẹni tó wà lẹ́yìn. Nǹkan tí ọmọdé máa fi dí etí, nítorí fèrè àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn pọ̀. Wet wipes, mo máa sọ ìdí rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Oúnjẹ ilé ló dára jù. Owó oúnjẹ gọbọi ni ní agbègbè Piccadilly, ìlà ibi tí wọ́n ti ń tà á sì gùn. Ìpékeré, chin-chin, puff-puff, meat pie tí ẹ fi bébà wé, mọ́ínmọ́ín tó ti tutù tí ẹ gé sí wẹ́wẹ́: gbogbo èyí ni a lè fi ọwọ́ kan jẹ ní ìdúró. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lè bá wọn lọ nínú ike tó dé dáadáa, pẹ̀lú ṣíbí. Ọbẹ̀ kọ́. Èjìká ń kan èjìká níbẹ̀, epo pupa lára aṣọ funfun ẹlòmíràn kì í ṣe ọ̀nà tó dára láti bá a ṣọ̀rẹ́. Ẹ ṣe é kó pọ̀ díẹ̀ ju tiyín lọ. Tí ẹ bá na puff-puff sí àjèjì tó dúró tì yín láti aago mọ́kànlá, ẹ ti di ará ilé kan náà nìyẹn, á bá yín di àyè mú tí ẹ bá lọ sí ilé ìtọ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ wọ ohun tó wù yín. Àsíá òṣùmàrè, tí Gilbert Baker kọ́kọ́ ṣe ní San Francisco ní 1978, ni ẹ óò rí níbi gbogbo. Àwọn kan á wọ aṣọ òkè, àwọn kan á wọ àdìrẹ, ó sì máa ń wuyì láàárín èrò. Bàtà ni kí ẹ má fi ṣe oge.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tètè jáde

Kí ẹ ti wà ní ìdúró yín kó tó di aago mọ́kànlá. Ẹ má gbára lé bọ́ọ̀sì, torí wọ́n á ti yí ọ̀nà púpọ̀ padà. Láti Peckham Rye, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Victoria, kí ẹ wọ Victoria line. Ibùdókọ̀ kan péré ni ó kù dé Green Park. Láti Woolwich tàbí Abbey Wood, Elizabeth line á gbé yín dé Bond Street, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Ará Dagenham á wọ District line tààrà dé Victoria. Ẹ wo ìkànnì TfL, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ àti rélùwéè ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àárọ̀ yẹn, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe.

Kí ẹ tó dé ibi ìdúró, ẹ yà sí ilé ìtọ̀. Ti ibùdókọ̀ Victoria àti Charing Cross, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan yóò wà ní ẹ̀bá ọ̀nà ìwọ́de, ṣùgbọ́n ìlà ibẹ̀ ń dánni ní sùúrù wò.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ óò ṣe wò ó

Ẹ má kàn dúró bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ń rìn ń gba agbára láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ pariwo, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ jó. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin, àwọn nọ́ọ̀sì NHS, àwọn panápaná, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ọkọ̀ wọn kún fún bàlúù, àwọn ẹlẹ́sìn Kristẹni àti Mùsùlùmí tí wọ́n gbé àkọlé dání, gbogbo wọn ló máa kọjá. Ní tèmi o, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kò wú mi lórí tó bí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké: èèyàn mẹ́wàá, aṣọ kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí, kò sí ẹ̀rọ orin, ohùn wọn nìkan. Ohùn yín níláti ga jù nígbà tí wọ́n bá ń kọjá.

Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò ti rí àwọn tó wá láti Áfíríkà. Ẹlòmíràn á so àsíá òṣùmàrè mọ́ ti Nàìjíríà, á fi ta ọrùn. Ẹlòmíràn á fi nǹkan bo ojú látòkè délẹ̀, á máa rìn, á máa jó, kò ní ṣí i. Ẹ má bi ara yín pé kí ló ń fi pamọ́. Ẹ kígbe pé "Ẹ kú ìrìn o!" kí ẹ sì wo bí orí á ṣe yí padà láàárín èrò, bí ọwọ́ á ṣe gòkè. Ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ láti àárọ̀ níbẹ̀ á mọ̀ pé ẹnì kan láti ilé dúró dè òun.

Ṣùgbọ́n ẹ má pe orúkọ. Èyí ṣe pàtàkì tó ti fọ́tò. Ó ti mọ́ wa lára pé tí a bá rí ẹni tí a mọ̀, a ó ké sí i láti òdì kejì títì. Ní Pride, bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí ọmọ ìyá ọ̀rẹ́ yín, ẹ dúró. Kó jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ kí yín. Tó bá gbé ojú kúrò, ẹ gbé ojú kúrò pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá padà pàdé rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ kò rí i níbì kankan.

Ẹ má fọwọ́ kan ara tàbí aṣọ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó lẹ́wà tó, láìjẹ́ pé ó gbà yín láyè. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ẹ má gun irin ìdènà, ẹ má sì bọ́ sáàárín ìwọ́de. Ọmọdé ni kí ẹ jẹ́ kó wà níwájú, tó bá jẹ́ pé òbí rẹ̀ kò kọ kámẹ́rà.

Ẹ lè bá àwọn oníwàásù pàdé lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń kéde ọ̀run àpáàdì. Ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ lè gbọ̀n nígbà tó bá gbọ́ ọ, àgbà yòówù kó jẹ́. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ fi ara yín sí àárín òun àti wọn, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ rọra gbé ìdúró yín síwájú díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí nǹkan bá yí padà

Íntánẹ́ẹ̀tì máa ń falẹ̀ púpọ̀ níbi tí èrò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. WhatsApp lè má lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nínú yín sí orí bébà, kí kálukú fi sápò. Ẹ lè kọ ọ́ sí ọmọdé lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá sọnù, ẹ má wá a káàkiri. Ẹ lọ sí ibi ìpàdé, kí ẹ dúró.

Bí oòrùn bá mú ẹnì kan tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ mú un jáde kúrò láàárín èrò, ẹ fún un lómi, kí ẹ ké sí àwọn alámòójútó tó wọ aṣọ títàn. Wọ́n mọ ibi tí àwọn elétò ìlera wà. Ohun tó bá jẹ́ pàjáwìrì, 999 ni. Bí ẹnikẹ́ni bá lu ọ̀rẹ́ yín tàbí tó bú u nítorí ẹni tó jẹ́, lílù náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìlú yìí, èébú náà sì lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà lè kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ Galop sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti ran àwọn LGBT tí wọ́n ṣe níkà lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìrìn ilé

Àwọn ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ibẹ̀ jù máa ń kún, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rìn. Láti Trafalgar Square, ẹ lè gba afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá rélùwéè Hungerford sọdá odò Thames sí Waterloo, atẹ́gùn á fẹ́ sí yín lára.

Kí ẹ tó wọ rélùwéè, ẹ yọ wet wipes náà jáde. Ẹni tó ń padà sílé òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ nu àwọ̀ àti ohun dídán kúrò lójú, títí dé ẹ̀yìn etí àti ìdí irun, torí ibẹ̀ ló máa ń kù sí. Àsíá ńkọ́? Kó fún ẹni tí ilé rẹ̀ rọgbọ bá a tọ́jú. Ẹ tún ṣe èyí fún ẹni tó máa dá nìkan gba ibi tí kò fi ọkàn tán kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá rìn lóru. Gbogbo yín ló gbọ́dọ̀ kọ "mo ti délé" sínú group kí ẹni tó ṣètò tó sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi àwọn fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú wọn nìkan. Ẹ fún wọn láyè láti wò ó dáadáa, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn tí ẹ kò mọ̀. Ẹ lè bo ojú wọn kí ẹ tó gbé e síta. Èyí tí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì pa á rẹ́ nínú ibi tí fóònù ń kó ohun tí a ti parẹ́ sí.

Bí ọjọ́ náà bá dùn mọ́ yín, tí ẹ sì ń wá ibi tí àwọn èèyàn wa ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi UK Black Pride sórí kàlẹ́ńdà. Ní 2005 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ràn obìnrin jọ wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun Southend. Ní báyìí, oṣù Ògọ́ọ́sì ni wọ́n máa ń ṣe é ní Queen Elizabeth Olympic Park, ní Stratford. Jubilee line, Central line àti Elizabeth line ló ń dé ibẹ̀. Koríko ló wà níbẹ̀ dípò títì, nítorí náà ẹ lè gbé ẹní dání, àti ọbẹ̀.